Irú Implant Eyín Wo Ni Kò Ba Àyíká Jẹ́?

Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọn yóò ti bá a gbin eyín sí ẹnu ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó lóde òní kò ní pẹ́ bá ìpolówó pàdé lórí fóònù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé implant tiwọn, ìyẹn gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń gbìn sínú eegun, kì í ba àyíká jẹ́, pé kò ní irin nínú, tàbí pé ohun àdáyébá ni wọ́n fi ṣe é. Ìpolówó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ènìyàn rò pé implant kan ṣoṣo ló wà tó ṣàánú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ oró. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń polówó sábà máa ń lọ́ mọ́ra wọn: bóyá ara ènìyàn lè gba ohun náà láìbínú, bóyá ohun náà lè jẹrà, àti bóyá bí wọ́n ṣe ń wà á jáde láti inú ilẹ̀ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di èlò kò pa ayé lára. Ohun kan lè yege nínú ọ̀kan kí ó sì pàdánù nínú èkejì. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé èyí tó ń wọ inú eegun gan-an ni ó kéré jù nínú ẹrù tí ìtọ́jú yìí ń dì lé ayé lórí.

Implant kì í ṣe eyín àtọwọ́dá tí à ń bọ́ sínú ife omi lálẹ́. Súkúrù kékeré kan ni, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 8 sí 14, tí dókítà eyín máa ń gbẹ́ ihò fún nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó lè rọ́pò gbòǹgbò eyín tó ti kúrò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí eegun bá ti dì mọ́ ọn tán, ni wọn yóò tó de ọ̀pá kékeré kan mọ́ ọn, tí wọn yóò sì fi orí eyín funfun dé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ni ó kíyè sí i ní ọdún 1952, nígbà tó ń fi ehoro ṣe ìwádìí, pé irin kan tó ń jẹ́ titanium tí òun fi sínú eegun ẹranko náà kò ṣeé yọ mọ́, nítorí eegun ti hù mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1965 ni ó fi ìmọ̀ yìí gbin eyín sí ẹnu ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà wá, titanium ni ó gba ipò iwájú, èyí tó ju 90 nínú 100 lọ nínú àwọn tí wọ́n bá gbìn ni ó sì máa ń ṣì wà lẹ́nu olówó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10.

Inú iyanrìn dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ilmenite, àti òmíràn tó ń jẹ́ rutile, ni titanium ti ń wá. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ kùsà tánńganran (tin) rí ní agbègbè Jos mọ iyanrìn dúdú náà dáadáa, nítorí ó máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣa tánńganran kúrò. Titanium kò ṣọ̀wọ́n. Òun ni ó ṣe ìkẹsàn-án nínú àwọn èròjà tó pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ ayé. Ibi tí wàhálà wà ni bí wọn yóò ṣe yọ ọ́ ní mímọ́. Ọ̀nà tí William Kroll là sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940 ni gbogbo ayé ṣì ń tọ̀: wọn á fi èédú àti gáàsì chlorine se iyanrìn náà nínú ooru tó súnmọ́ 1000°C títí yóò fi di omi kan tó ń rú èéfín, wọn á wá fi magnesium gbígbóná gba titanium jáde lára omi náà nínú ìkòkò tí wọ́n dé pinpin fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tí wọn yóò rí kó nínú ìkòkò náà rí wúruwùru bíi kànrìnkàn. Ó di dandan kí wọ́n tún yọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1668°C ni titanium tó ń yọ́. Ẹ ò rí i pé iná tí iṣẹ́ yìí ń jẹ kì í ṣe kékeré. Kílò kan titanium ń jẹ iná ju kílò kan irin lásán lọ fíìfíì, bí ó bá sì jẹ́ pé èédú ni orílẹ̀-èdè tó ń ṣe é fi ń pèsè iná mànàmáná, èéfín rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀n rẹ̀ kí a tó dájọ́. Súkúrù kan tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wọ̀n tó gíráàmù kan. Nínú gbogbo iyanrìn titanium tí wọ́n ń wà láyé, ohun tó ju 90 nínú 100 lọ ni kì í di irin rárá. Ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n ń fi í ṣe, èyí tó ń mú kí ọ̀dà, ike àti bébà funfun nini. Ọ̀dà ojúlówó tí wọ́n fi kun pálọ̀ kan ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ yóò ní titanium nínú ju èyí tó lè wà lẹ́nu gbogbo ará ilé náà lọ, kódà bí gbogbo wọn bá pàdánù eyín. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun kò fẹ́ titanium lẹ́nu nítorí àyíká, ibi tí kò tó nǹkan ni ó ti ń fún owó pọ̀.

Zirconia ni èyí tí ìpolówó máa ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù, tí wọ́n á ní kò ní irin nínú. Funfun ni lóòótọ́, ó jọ eyín, kì í sì í dípẹtà. Àmọ́ irin kan tó ń jẹ́ zirconium wà nínú rẹ̀, tó ti para pọ̀ mọ́ ọ́síjìn di ohun tó dà bí amọ̀ sísun. Iyanrìn zircon ni wọ́n ń wà fún un, Australia àti South Africa sì ni ó ń wà èyí tó pọ̀ jù. Díẹ̀ uranium àti thorium, èròjà méjì tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde, máa ń bá iyanrìn yìí rìn, ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìṣọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ tán, wọn á pò ó mọ́ èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kó là, wọn á sì sun ún nínú iná tó ń lọ sí 1400°C tàbí 1500°C. Orí eyín tí wọ́n ń fi zirconia ṣe, inú odidi ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbẹ́ dànù níbẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tó di eyín lọ.

Bí a bá fi titanium wé abọ́ irin, àwo tánganran ni zirconia: ó lẹ́wà, ó le, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fọ́, kì í kọ́kọ́ tẹ̀. Bí implant bá sì fọ́ sínú eegun, wọ́n ní láti gbẹ́ ẹ jáde pẹ̀lú díẹ̀ lára eegun náà, kí wọ́n dúró kí ojú ibẹ̀ jinná, kí wọ́n sì tún ra òmíràn. N kò sọ èyí kí a lè kórìíra zirconia. Ó ní ibi tó ti wúlò, pàápàá fún eyín iwájú níbi tí ẹran ìdí eyín bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ eérú titanium lè máa hàn, àti fún ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ara wọn kò gba titanium. Ìdí ìṣègùn àti ti ẹwà nìwọ̀nyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyíká.

Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní PEEK. Ike líle ni, iléeṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1978. Òótọ́ ni pé kò ní irin nínú, ṣùgbọ́n láti inú epo rọ̀bì ni ó ti wá, kì í jẹrà, eegun kì í sì í fẹ́ dì mọ́ ọn bí ó ṣe ń dì mọ́ titanium. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí epo rọ̀bì ń ṣe fún omi àti ẹja fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí ní Ìlàjẹ.

Ìrònú kan tún ń bẹ pé ohun tó bá lè jẹrà ni ó dára jù. Ìyẹn bójú mu fún ọ̀rá tí a fi ń di ẹ̀bà. Fún gbòǹgbò eyín, ewu ni, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó dúró gbọn-in fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ eegun ẹran àti ẹ̀pà. Magnesium wà tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, wọ́n sì ń fi ṣe ìṣó kéékèèké tó ń di eegun mú fún ìgbà díẹ̀ títí yóò fi jinná. Kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe gbòǹgbò tí a óò máa fi jẹun.

Ibi tí ohun àdáyébá ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe ni ọ̀rọ̀ eegun tí wọ́n ń fi kún eegun. Bí eyín bá ti kúrò lẹ́nu fún ọdún pípẹ́, eegun tó wà níbẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn, yóò sì tín-ín-rín débi pé súkúrù kò ní rí ibi dúró sí. Dókítà á wá fi ìyẹ̀fun tàbí hóró kéékèèké kan kún un, kí eegun aláìsàn fúnra rẹ̀ lè máa hù wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù lọ káàkiri ayé ni eegun màlúù, tí wọ́n ti fi ooru àti kẹ́míkà yọ gbogbo ẹran, ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò títí tó fi ku kìkì apá tó le, èyí tó jọ eegun ènìyàn púpọ̀. Ẹ rò ó wò, eegun tí à ń jù fún ajá tàbí tí à ń dáná sun lẹ́yìn odò ẹran ni àwọn ẹlòmíràn sọ di ọjà tí à ń fi owó dọ́là rà nínú ìgò kékeré.

Àwọn onímọ̀ ti fi hàn nínú yàrá ìwádìí, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, pé èèpo ẹyin adìyẹ, ìkaraun ìgbín àti ìpẹ́ ẹja náà ṣeé lò láti pèsè irú èròjà yìí. Èèpo ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kálísíọ̀mù kábónéètì. Bí wọ́n bá sun ún dáadáa, tí wọ́n sì fi èròjà fọ́sífétì kún un ní ìwọ̀n tó yẹ, yóò di ohun kan náà tí eegun fi le. Ìlú tí ọgbà adìyẹ pọ̀ sí bíi Àkúrẹ́, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ (FUTA) sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa irin àti oríṣiríṣi ohun èlò, kò yẹ kí ó jìnnà sí irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ lọ èèpo ẹyin nílé kí ó wá fi sí ojú ihò eyín o. Ọ̀nà jíjìn wà láàárín ohun tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí àti ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé kò léwu fún ènìyàn.

Ohun kan wà lórí èyí tí àwọn aláìsàn kì í mọ̀ àfi bí wọ́n bá béèrè. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń tẹ́ lé orí eegun tí wọ́n bá fi kún un, kí ẹran ìdí eyín má baà tètè hù wọ ibẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ti màlúù, ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ ṣáájú, nítorí oríṣi mìíràn wà tí wọ́n lè bá a lò. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ẹrù tí mo ní ó tóbi ju súkúrù lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò èéfín tí iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú jáde láàárín ọdún 2013 sí 2014, ìrìnàjò àwọn aláìsàn àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kó ohun tó ju 60 nínú 100 lọ. Àwọn èlò tí wọ́n ń rà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ilẹ̀ tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin wà nìyẹn o. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Èkó láti Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò, tó tún lọ fún fọ́tò eegun, tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, tó lọ kí wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán an, tó tún lọ kí wọ́n wọn orí eyín, tó sì tún padà lọ kí wọ́n dé e, epo bẹntiróò tí ọkọ̀ rẹ̀ jó ti kọjá ohun tí wọ́n jó láti ṣe súkúrù náà lọ́nà púpọ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe àyẹ̀wò àti fọ́tò ní tòsí, bóyá lọ́dọ̀ àwọn dókítà eyín tó wà ní Alágbàka ní Àkúrẹ́ tàbí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó, kí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni yóò gbé aláìsàn jìnnà, èyí nìkan ṣàánú àyíká ju pé kí a ti titanium bọ́ sí zirconia. Ó sì dín owó kù.

Lẹ́yìn ọ̀nà ni ohun tó yí súkúrù ká. Ẹ bẹ dókítà yín kí ó jẹ́ kí ẹ rí bí implant ṣe ń dé: páálí níta, ike nínú páálí, ìgò kékeré nínú ike, súkúrù wá wà nínú ìgò. Ohun tí wọ́n fi dì í wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ tún fi ibọ̀wọ́ kún un, aṣọ bébà tí wọ́n fi bo aláìsàn, ike tí wọ́n fi ń fa itọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kòkòrò àrùn, a kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí àyíká kó àrùn ran ènìyàn. Àmọ́ aṣọ òwú tó ṣeé fọ̀ tó sì ṣeé sè lè rọ́pò ti bébà. Bí wọ́n sì ṣe ń kó ìdọ̀tí náà dànù ṣe pàtàkì, nítorí ike tí wọ́n bá dáná sun ní gbangba lẹ́yìn ilé ìwòsàn ń tú èéfín olóró sí imú àwọn ará àdúgbò. Iná náà ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara irinṣẹ́ máa ń gbóná dé 121°C tàbí 134°C léraléra lójúmọ́. Ilé ìwòsàn tó ń fi sólà gbé e, yàtọ̀ sí èyí tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń mu dísù láti àárọ̀, ti ṣe ohun tí orúkọ ìmọ́tótó tọ́ sí.

Ohun tó tún wúwo nínú ìṣirò yìí ni bí implant yóò ṣe pẹ́ tó. Èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún 3 ti di ìlọ́po méjì: súkúrù méjì, ìrìnàjò méjì, iṣẹ́ abẹ méjì. Sìgá mímu, àtọ̀gbẹ tí a kò káwọ́ rẹ̀ àti ìdọ̀tí tó ń dì sí ìdí eyín ni ó sábà máa ń já implant gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é. Implant kò lè ní ihò bí eyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹran àti eegun tó yí i ká lè wú, kí ó sì jẹrà. Fún ìdí èyí, ẹni tí kò bá ṣetán láti máa fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò tíì ṣetán fún implant.

Àwọn kan á ní kí a kúkú lo eyín àtọwọ́dá tó ṣeé bọ́. Kò burú, iye rẹ̀ sì rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń ṣe é náà ti inú epo rọ̀bì wá, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yí padà. Èyí tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́ ṣe férémù rẹ̀ ní cobalt nínú, orílẹ̀-èdè Congo tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa sì ni ó ń wa èyí tó ju ìdajì lọ nínú cobalt gbogbo ayé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn kòtò kan. Kò sí èyí tó mọ́ pátápátá nínú wọn.

Èyí tó mọ́ jù ni eyín tí Ọlọ́run fi sí ẹnu. Eyín tó bá ní ihò, tí wọ́n bá tètè dí i, kò ní di ọ̀rọ̀ implant láéláé. Orín ata tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, bí a bá rún un dáadáa tí a sì fi dé ẹ̀yìn eyín, ṣì ń ṣiṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ní ike tí a óò dà nù. Lórí dídí ihò náà, ẹ lè béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí i. Amalgam àtijọ́, tó dúdú bí irin, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì mẹ́kúrì. Lábẹ́ Àdéhùn Minamata, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ayé ń fà á sẹ́yìn, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti dá lílò rẹ̀ dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, àfi níbi tí àìsàn bá ti sọ ọ́ di dandan. Mẹ́kúrì yìí, tó ń ṣàn gba ojú gọ́tà lọ sínú odò, lè ṣe ẹja àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní jàǹbá ju gíráàmù kan titanium lọ.

Ibo ni implant ń lọ níkẹyìn? Wọn kì í yọ ọ́ ní ẹnu ẹnìkan kí wọ́n gbìn ín sí ẹnu ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, àwọn iléeṣẹ́ kan ń ṣa irin tó bá ṣẹ́kù nínú eérú, wọ́n sì ń yọ́ ọ lò fún nǹkan mìíràn. Àwa tí à ń sin òkú wa kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, súkúrù náà yóò sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ láìdípẹtà, láìtú oró kankan sínú erùpẹ̀.

Bí ẹ bá ti pinnu láti gbin eyín, ẹ gba káàdì tàbí ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe implant náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì yà á ní fọ́tò sí fóònù. Àwọn iléeṣẹ́ yìí pọ̀, súkúrù ọ̀kan kì í sábà wọ ihò èkejì. Bí orí eyín bá tú lẹ́yìn ọdún 12, tí dókítà tó ṣe é sì ti kó lọ sí ìlú mìíràn, dókítà tuntun tó bá rí káàdì náà yóò kàn béèrè fún ọ̀pá kékeré kan ṣoṣo ni. Èyí tí kò bá rí i lè máà ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó gbẹ́ implant tó ṣì dára jáde nínú eegun, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.